Ọjọ́ Tí Òrìṣà Òkè Ń Ka Igi

Ryohei, dákun, má tíì ní kí wọ́n nawọ́ dìbò. Mo mọ̀ pé ìwọ ni olórí abúlé báyìí, mo sì mọ̀ pé ìpàdé ti pẹ́, pé ọbẹ̀ míso tí àwọn ìyá gbé kaná ti ń hó dànù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ikùn mi láti ìgbà òtútù ńlá, bí mo bá sì tún gbé e relé lónìí, inú pósí ni mo máa gbé e wọ̀. Dókítà tó wà nísàlẹ̀ òkè ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti parí iṣẹ́. Ó rò pé màá sunkún. Mo bi í bóyá mo ṣì lè jẹ ẹ̀fọ́ oníyọ̀, ó ní kí n máa jẹ ohun tó bá ti wù mí. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń lọ nìyẹn, àbí?

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níhìn-ín, ó ní kí a má wulẹ̀ dáná sí ààrò tí a fi ń sun èédú mọ́, pé a ti dán an wò rí, ó di eérú, torí pé Òrìṣà Òkè kò fẹ́. Gbogbo yín mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ìlú ńlá wá bá wa gbé náà mi orí, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú yàrá yìí, èmi Yasuzo ni. Irọ́ ni mo pa. Òrìṣà Òkè kò ba ààrò kankan jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pariwo, torí pé èémí mi kò gùn mọ́.

Nítorí ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Bàbá mi ló ni pọ́ǹpù epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, èmi ni mo jogún rẹ̀. Kò sí òmíràn ní gbogbo àfonífojì yìí. Ọ̀dọ̀ mi ni epo ọkọ̀ ti ń wá, ọ̀dọ̀ mi náà ni kẹrosíìnì tó ń mú sítóòfù gbogbo ilé gbóná ti ń wá. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń wa ọkọ̀ mi kọjá, àwọn ènìyàn á máa tẹríba fún mi láti ojú fèrèsé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní tàn yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ọkùnrin tí kò kàwé, tí kò ní ilẹ̀ ìrẹsì tó tó nǹkan, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹríba fún un.

Sawako tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ìyàwó abúlé yìí ni. Ọkọ rẹ̀ kú, kò padà sílé bàbá rẹ̀, ó dúró tọ́ ọmọ rẹ̀ Misato láàárín wa. Asunèédú ni gbogbo ìdílé tí wọ́n ti bí i. Ní ọdún tí táńkà tó ń gbé epo wá fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀, tó bá wá lóṣù yìí kò ní wá lóṣù tó ń bọ̀, Sawako dìde nínú yàrá yìí. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Epo kò ní tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Yóò máa dín kù ni. Àwọn ará ìlú ńlá kò ní tètè mọ̀. Àwa tí a wà ní òpin ọ̀nà la máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká múra nígbà tí ara ṣì dá wa." Ó ní kí a ṣí igbó àjọni tí a ti fi sílẹ̀, kí a mọ ààrò èédú síbẹ̀, kí a wá sítóòfù onírin àwọn bàbá wa jáde láti inú àká. Ó ní kí a gbin ọ̀dùnkún sí orí àwọn ebè tí koríko ti bò, kí ọkọ̀ kan máa gbé ilé púpọ̀ lọ sọ́jà. Èyí tó sọ kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn, torí pé kíkọ̀ tí mo kọ̀ ọ́ ló pa ènìyàn. Ó ní bí òtútù bá le, tí ilé kan kò bá ní iná, kí ilé tó ní iná gbà á wọlé, kí gbogbo wọn sùn yí iná kan ká.

Àwọn kan ń kùn. Genpachi ló gbà á kúrò lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ mi ni Genpachi, a jọ wọ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà, a jọ sá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ni. Òun nìkan ló ń gbé orí òkè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilé òrìṣà. Ó nàka sí mi, ó ní, "Yasuzo! Tètè fọ táǹkì rẹ mọ́ o. Bí epo bá ti tán, inú ẹ̀ la máa ti máa wẹ̀. Ìwọ lo máa fọ ẹ̀yìn mi!" Yàrá yìí fẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé relé, ó sì jókòó tì mí nídìí oúnjẹ. Fumie ìyàwó mi sọ pé, "Bàbá Noboru, ẹ̀yin náà ẹ kúkú kọ́ iṣẹ́ èédú. Ọwọ́ yín ti dúdú tẹ́lẹ̀, kí ló kù?" Mo sọ fún un pé kó panu mọ́.

Nígbà ìwọ́wé ni gbogbo abúlé gòkè. Àwọn ọkùnrin ru òkúta, àwọn obìnrin fẹsẹ̀ po amọ̀ pupa, Sawako ń lọ ń bọ̀ láàárín wa, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ògiri bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Mo ru òkúta pẹ̀lú yín. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan wà. A to igi sínú rẹ̀, ó dáná sí i. Èéfín funfun jáde, ó di búlúù, títí ojú kò fi rí nǹkan kan mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà náà ló dí gbogbo ojú rẹ̀ pa. Ó ní, "Ó kù kó tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ibẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á jóná di eérú ni o. Ẹ̀yin ará, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Kò ní láti bẹ̀ wá. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Òrìṣà Òkè.

Ẹ mọ ọjọ́ náà. Òrìṣà ń ka gbogbo igi rẹ̀, ẹni tó bá sì wà nínú igbó, ó lè kà á mọ́ igi, kò sì ní padà di ènìyàn mọ́. Kò sí ẹni tó ń gòkè lọ́jọ́ náà, àní ajá pàápàá, a máa ń so ó mọ́lẹ̀. Ilé ìpàdé yìí ni gbogbo yín wà, ẹ ń gún ìrẹsì, ẹ ń mu ọtí, ẹ ń kọrin. Mo sọ fún Genpachi pé inú ń run mí. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló ń jáde yẹn. Lọ sùn." Mo gba ẹ̀yìn oko ìrẹsì, ní ọ̀sán gangan, oòrùn sì ń ràn. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo lọ, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó máa lọ. Èmi kan ṣoṣo ló rú òfin òrìṣà láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ abúlé yìí dó. Mo fi irin yọ òkúta kan ní ìdí ààrò lẹ́yìn, mo sún ìdérí ihò èéfín díẹ̀, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀. Mo kó ewé gbígbẹ bò ó. Mo padà sílé, mo wẹ̀, mo sùn, mo sì sùn dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa ṣí ààrò, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ti òkúta náà padà sí àyè rẹ̀, mo gbé ìdérí padà, mo káwọ́ lẹ́yìn dúró bí ọmọlúàbí títí ẹ fi dé. Sawako wó ẹnu ààrò. Eérú ló wà níbẹ̀, ó ga tó orúnkún ọmọdé. Ó wọlé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o, ó ń sọ pé, "Mo dí i dáadáa. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dí i dáadáa." Kò sunkún. Ojú rẹ̀ funfun pẹ̀lú eérú. Gbogbo yín ń dúró de ẹni tó máa sọ ohun tó fà á, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀bi wa ni. A fi iná sílẹ̀ ní ilé Òrìṣà lọ́jọ́ tó ń ka igi rẹ̀. Obìnrin ni Òrìṣà Òkè. Ṣé a rò pé ó máa gbà kí obìnrin mìíràn wá dáná nílé òun ni?" Gbogbo yín mí kanlẹ̀, ara tù yín. Ó rọrùn ju kí a tún ru òkúta lọ.

Bí ìmúrasílẹ̀ wa ṣe parí nìyẹn. Ẹ dá sítóòfù onírin padà sí àká. Ẹ kò bú Sawako. Ẹ kàn ń kí i ní kúkúrú, ẹ sì ń jẹ́ kó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ó wá sí pọ́ǹpù, ó tẹríba, ó ní, "Bàbá Yasuzo, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní dúróòmù òfìfo kan? Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo fẹ́ ti máa fi sun èédú díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé Òrìṣà." Mo fún un ní èyí tó ti dógùn-ún. Mo ní, "Gbà, kó o fi ṣeré." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi dé ẹ̀yìn afárá.

Nígbà òtútù ńlá ọdún yẹn, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ lójú òkun tí ọkọ̀ epo ń gbà. Wọ́n sọ ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. Táńkà wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì kún. Mo pín in fún ilé gbogbo, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yọ ti ara mi, mo gbé e sẹ́yìn ilé, mo fi koríko ìrẹsì bò ó. Fumie ń wúkọ́ nígbà náà, àyà ń dùn ún. Mo sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá wúkọ́ ńkọ́? Mo rò pé màá ṣì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yìnyín bọ́ bí kò ṣe bọ́ rí, ó dí ọ̀nà, iná mànàmáná lọ, sítóòfù àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Sawako nìkan ló ń rìn nínú abúlé pẹ̀lú àpò èédú lẹ́yìn, ó ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀yin tí ẹ kì í kí i kún ẹnu. Ẹ̀yin kan wà níhìn-ín tí ẹ kò bá ti kú. Ẹ mọ ara yín.

Ní òwúrọ̀ kan, Genpachi sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ orí pátákó, ó ń wọ́ ọ. Yìnyín ti di mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Yasuzo, ṣé ìwọ̀nba díẹ̀ kò kù nísàlẹ̀ táǹkì? Èyí tó máa gbé mi dé ọ̀la ni mo ń wá." Mo ní, "Kò sí. A ti gbọ̀n ọ́n gbẹ." Ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára nígbà náà. Ó ti tó àkókò ká sọ ọ́ di ilé ìwẹ̀." Ó yí padà, ó ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ gòkè. Mo dúró, mo ń wò ó títí igi fi bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò pè é padà. Mo ti ń wá ohun tó yẹ kí n rò ní àsìkò náà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé okùn pátákó rẹ̀ ti fẹ́ já.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa. Fumie pa sítóòfù kíá, mo wọ ẹ̀wù òtútù, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì kò lè tú mi fó, torí pé láti kékeré ni ara mi ti ń rùn ún. Sawako ni. "Ẹ kú òtútù o, Bàbá Yasuzo. Màmá ńkọ́? Ṣé ẹ ní iná?" Mo ní, "A ò ní nǹkan kan." Ó gbé àpò kan sílẹ̀, ó ní, "Èyí ló kù lọ́wọ́ mi, ó di ọ̀tunla kí n tó sun òmíràn. Mo fẹ́ gbé e lọ fún Bàbá Genpachi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn wọn lánàá, wọ́n ní àwọn ṣì ní epo, kí n gbé e fún ẹni tí kò ní. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ ń rọ epo fún wọn. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó wà? Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n lọ mú wọn wá síbí báyìí, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ yá iná kan."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Kí ó mú Genpachi wá sílé mi. Ẹlẹ́nu yẹn, tí kì í jókòó sójú kan, yóò yọjú sẹ́yìn ilé, yóò sì rí ohun tí mo fi koríko bò. Ìyẹn nìkan ni mo rí. Mo ní, "Ó ní epo. Èmi fúnra mi ni mo rọ ọ́ kún. Fi ọkàn balẹ̀." Ó mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti àpò náà sọ́dọ̀ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo tẹríba. Mo ní ó ṣeun. Fumie bi mí láti abẹ́ aṣọ ìbora pé, "Bàbá Noboru, ṣé Genpachi ní epo lóòótọ́?" Mo ní ó ní. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé Sawako ti dún, Fumie tan sítóòfù padà. A jókòó níbẹ̀, kẹrosíìnì níwájú wa, èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Sawako náà ló rí Genpachi, nígbà tó gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ó jókòó sídìí sítóòfù rẹ̀, ó wọ gbogbo aṣọ tó ní, ó ka ọwọ́ sórí ẹsẹ̀, ó ti kú gan. Sítóòfù náà gbẹ. Ẹ̀yin ará abúlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé Sawako já èédú sí gbogbo ẹnu ọ̀nà, ó fo ti àgbàlagbà tó ń dá gbé. Mo gbọ́ yín. Mo jẹun pẹ̀lú yín níbi ìsìnkú, mo gbọ́ yín, mi ò sọ nǹkan kan. Òun náà kò sọ. Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé òrìṣà, mo rò pé ọjọ́ mi pé. Ó tẹríba, ó ní, "Bàbá Yasuzo, ẹ má jẹ́ kó pa yín lára jù. Nínú ìdààmú yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè ṣìrò iye epo tó kù ní ilé kan. Ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan pé mo bi yín." Kò sì sọ. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbá yìnyín kúrò lórí sàréè Genpachi, ẹ sì ń wò ó, ẹ ń sọ pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú.

Ẹ̀rí ọkàn ta ni? Èmi tí mo yẹ kí n ní i, mi ò rí i. Mo ti wá a. Mo jókòó níwájú àwòrán Genpachi, mo fi ìka fún ara mi lọ́rùn, kò sí omi kankan tó jáde lójú mi. Fumie kò jókòó nídìí iná èédú mọ́ títí ó fi kú nígbà ìrúwé tó kọjá. Bí mo bá tan án, á dìde lọ sí ilé ìdáná tó tutù. Ó mọ̀, láti ọjọ́ yẹn gan-an. Nígbà tó ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ sọ ọ́. Mi ò lágbára láti sọ ọ́, mo sì ti jẹ nínú ẹ̀. Ẹ bá àwa méjèèjì sọ ọ́." Mo ní màá sọ ọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ìwọ́wé dé, mi ò sọ ọ́. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé Òrìṣà rí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti kà mí mọ́ igi rẹ̀. Ohun tó wá sílé jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò mọ̀ bóyá ènìyàn ni.

Kí n sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí n sì jókòó. Pọ́ǹpù mi máa tì kí n tó kú, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á, táńkà kò sì mọ ọ̀nà ibí mọ́. Yìnyín ń bọ̀. Ohun gbogbo tí Sawako sọ lọ́jọ́ náà ṣì dúró. Ẹ mú igi, ẹ mú amọ̀, ẹ gbin ọ̀dùnkún, ẹ má sì dúró de ẹni tó ń ta epo fún yín kó wá sọ fún yín pé epo ń tán, torí pé òun ló máa sọ ọ́ kẹ́yìn. Bí àgbà kan bá sì sọ pé òrìṣà kò fẹ́, ẹ bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ tí òrìṣà ń ka igi. Bí àgbàlagbà bá ní òun ní iná, ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ kan sítóòfù rẹ̀.

Mo wólẹ̀ fún yín. Mo wólẹ̀ fún Genpachi, tí kò sí níbí. Sawako, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú ìdáríjì yìí. Bí o kò bá ní i, má wá a. Ṣùgbọ́n ìwọ lo dí ààrò yẹn, o sì dí i dáadáa. Ẹ̀rí wà níbẹ̀. Nínú gbogbo òkúta tó wà ní ìdí ààrò lẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní amọ̀ létí. Ẹ fà á, yóò tẹ̀lé ọwọ́ yín. Mo ti parí. Ryohei, o lè ní kí wọ́n nawọ́ báyìí.

Kí lo wí, Sawako? Sọ ọ́ sókè, etí mi ti di.

Bẹ́ẹ̀ ni. Òkúta náà wà lápá òsì. Nísàlẹ̀ pátápátá.